Ọwọ́ Tí Ó Pa Ohùn Sinimá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Bàbá Daniel Ọlọ́runnísọ̀lá Àjàní Ọláwoore (1938–2025)

Ẹbí Ọláwoore ti Ògbómọ̀ṣọ́ ń kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ àti ilé sílẹ̀, tí ẹ wá bá wa sin bàbá wa. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìdílé yìí dáadáa mọ̀ pé a kò mọ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ níwọ̀n. Bí ológbò kan bá gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, kí ìròyìn rẹ̀ tó dé ìta, yóò ti di ẹkùn méje, ọ̀kan nínú wọn yóò sì ti dé fìlà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yìí, bàbá kó gbogbo wa jọ sí yàrá wọn, wọ́n ní: "Ìwé tí ẹ máa tẹ̀ fún ìsìnkú mi, ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ Israfil kúrò, ẹ kúkú fi mí sílẹ̀ sí mọ́ṣúárì." Ojú ń tì wá bí a ti ń kọ ọ́. A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

A bí Daniel Ọlọ́runnísọ̀lá Àjàní ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1938, ní agboolé Ọláwoore ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá wọn ni Olóògbé Josiah Ọláwoore, àgbẹ̀ àti káfíńtà; ìyá wọn ni Olóògbé Rèbékà Àbẹ̀kẹ́. Àjàní tí wọ́n ń kì wọ́n kì í ṣe oríkì lásán, ìjàkadì ni wọ́n fi ní wọn, nítorí ọmọ mẹ́ta ló ti lọ ṣáájú. Àwọn àgbà ilé sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn, igbe wọn gba Ọjà Igbó kọjá, ó sì dé Ìlọrin. A ti yọ Ìlọrin kúrò. Ó dé Ọjà Igbó.

Ní 1946 ni wọ́n fi bàbá sí ilé-ìwé. Ní 1950, nígbà tí wọ́n wà ní ìwé kẹrin, bàbá tiwọn já bọ́ láti orí òrùlé tí ó ń kàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ilé-ìwé sì parí síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá wa kó jáde kò ju èyí tí ènìyàn lè fi kí ọ̀gá lówùúrọ̀, kí ó sì tọrọ àyè láti lọ tọ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Ní 1960 ni wọ́n rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń gbé ọkọ̀ sinimá ìjọba kiri láti Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí kò mọ ọkọ̀ náà. Ó ga, ó gbé jẹnẹrétọ̀, ó gbé aṣọ funfun tí ó fẹ̀ tó ògiri ilé, ó gbé ẹ̀rọ tí ń ju àwòrán sára aṣọ, gbohùngbohùn méjì sì wà lórí rẹ̀ bí ìwo àgbò. Ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń fi fíìmù tí ìjọba ṣe han àwọn ará oko: bí a ti ń gbin tábà, bí ọkọ̀ ojú irin ti ń rìn, bí wọ́n ti fa àsíá tuntun sókè lọ́jọ́ òmìnira. Gẹ̀ẹ́sì ni ohùn inú fíìmù náà. Nítorí náà ògbufọ̀ kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tí yóò máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Bàbá wa kọ́ ni ògbufọ̀. Ẹni tí ń gbé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n.

Ní ìparí 1961, ibà dá ògbufọ̀ dúbúlẹ̀ ní abúlé kan. Èrò ti jókòó sílẹ̀ lọ rẹrẹ. Dírẹ́bà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Àjàní, ìwọ tí ẹnu rẹ kì í sinmi, dìde." Fíìmù ọkọ̀ ojú irin ni. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ń dún wùrùwùrù, wọn kò mọ orí rẹ̀, wọn kò mọ ìdí rẹ̀, ó sì ń dí wọn létí. Ni wọ́n bá na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà, wọ́n yí i, wọ́n pa ohùn rẹ̀. Wọ́n gbá gbohùngbohùn ọwọ́ mú, wọ́n sọ fún àwọn ará abúlé pé ọgọ́rùn-ún iṣu ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ kí ó tó ta ìdí, àti pé òyìnbó tí ó dé fìlà yẹn ń fi epo bẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀rín pa gbogbo abúlé. Bàbá máa ń sọ fún wa pé aboyún kan rẹ́rìn-ín títí ó fi bímọ sí abẹ́ aṣọ sinimá náà. Nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn ni wọ́n ní kí a yọ ọ́: obìnrin náà lóyún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ló ti bí.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti di ògbufọ̀, ọwọ́ yẹn kò sì kúrò lára ẹ̀rọ náà mọ́. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti pa ohùn rẹ̀. Ibi tí igba ènìyàn ti ń wá tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ̀ta ló ń wá. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n ń pè wọ́n ní Bàbá Sinimá, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tí kò tíì hu irùngbọ̀n.

Ní 1963 ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, Adérónkẹ́, ọmọ Ọ̀yọ́, olùkọ́ tó gboyè. Ìyá máa ń sọ pé, "Ẹnu wọn ni mo fẹ́, ara wọn ló bá a wá." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyá bá wọn lọ sí oko sinimá, ní 1964. Ìyá jókòó sún mọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n rí ọwọ́ tó pa ohùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá béèrè pé, "Ohùn tí ẹ pa yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí ó ń sọ?" Bàbá ní, "Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?" Ìyá kò bá wọn lọ mọ́. Wọ́n bímọ mẹ́ta, wọ́n sì gbé pọ̀ títí ìyá fi lọ sinmi ní 2011.

A ti dé ibi tí ẹbí ì bá fẹ́ kí a fò.

Fíìmù kan wà tí wọ́n gbé wá sínú ọkọ̀ náà ní 1962, fíìmù nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná, èyí tí àwọn kan ń pè ní ṣànpọ̀nná. Ahéré Olóyèdé, lẹ́bàá Iresa, ni wọ́n ti yà á ní 1958, kò sì ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi òdan, àwọn ènìyàn tò. Ọkùnrin gíga kan dúró níwájú. Nọ́ọ̀sì sọ nǹkan kan sí i, ó wo abẹ́rẹ́, ó yí padà, ó ki eré mọ́lẹ̀ gba àárín oko àgbàdo kọjá, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, a tún rí i tí ó ń bọ̀, òógùn bò ó, ọmọ ọwọ́ kan wà léjìká rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ohun tí ó wà lára aṣọ nìyẹn.

Ohun tí bàbá wa sọ nìyí: "Ẹ wò ó, ẹ wò ó. Ọkùnrin tí ń kọ igba ebè lóòjọ́, abẹ́rẹ́ tí kò tó ẹ̀gún ọsàn ló lé e wọ igbó." Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n ní, "Ó ti dé o. Ó lọ yá ọmọ ọlọ́mọ wá, kí wọ́n bá a gba tirẹ̀." Ẹ̀rín tí wọ́n rín, bàbá ní àwọn kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àwọn kò sì tún gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Iresa ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Àwọn èrò mọ ẹni tí ó wà nínú fíìmù. Wọ́n ń pariwo pé, "Israfil wa nìyẹn." Israfil fúnra rẹ̀ jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ó dìde, ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Kò rí bẹ́ẹ̀." Bàbá gbọ́. Wọn kò purọ́ fún wa, wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ kedere. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gùn wọ́n bí ọtí. Wọ́n fi gbohùngbohùn méjì dá ọkùnrin kan lóhùn: "Ẹ lànà fún un, ó tún fẹ́ sá." Israfil jókòó. Àwọn tí ó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tí ìjọba bá fi gbohùngbohùn sọ, ta ni yóò jà á níyàn lábúlé? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti ń pè é ní Asábẹ́rẹ́.

Ibi mẹ́tàdínlógún ni bàbá ti fi fíìmù yìí hàn, tí wọ́n sì pa irọ́ yìí. A fẹ́ kọ pé ogójì ni, kí ó lè bá bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ mu. Ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ orúkọ abúlé sí wà lọ́wọ́ wa. Mẹ́tàdínlógún ni.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ tó dára pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́. Ní 1972, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, bàbá wa ló gbé fíìmù rẹ̀ kiri láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ láìfi àwàdà kan sí i, nítorí dírẹ́bà ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ní 1973, wọ́n fi náírà tuntun han àwọn ará oko. Wọ́n fẹ̀yìntì ní 1989, nígbà tí ọkọ̀ sinimá ìkẹyìn ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí.

Nínú ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n títí dọ́jọ́ ikú. Wọ́n jẹ́ bàbá ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn Bíbélì. Nínú ìtàn tiwọn, ẹja tó gbé Jónà mì ní yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Ní àdúgbò, àwọn ni wọ́n ṣáájú ìgbìmọ̀ tí ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí gbogbo wa ń mu níbẹ̀ dòní. Gbogbo ayé fẹ́ràn ẹnu wọn. Kò sí ìkómọ tí wọn kì í ti gbé gbohùngbohùn lé wọn lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ọmọ-ọmọ wọn, Olúwafèyíkẹ́mi, tí ń kọ́ nípa ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ kan ní Ọ̀yọ́, mú kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sílé. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni bí ènìyàn ti lè fi fíìmù àtijọ́ ka ìtàn ọ̀rúndún tó kọjá nílẹ̀ wa. Ó ní àwọn tí ń tọ́jú fíìmù lókè òkun ti kó wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá kọ́kọ́ rò pé ó ń fi wọ́n ṣeré. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tí ń jẹ iṣu jáde, wọ́n kígbe bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó ti kú. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó tì í. Bàbá ń na ìka sí i: igi yẹn, wọ́n ti gé e, odò yẹn, wọ́n ti kọ́lé lé e, irú kẹ̀kẹ́ ológeere yẹn ni mo fi lọ fẹ́ ìyá ìyá rẹ. Fèyí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ọmọdé ni bàbá wa.

Lọ́jọ́ kẹrin, fíìmù abẹ́rẹ́ jáde. Bàbá dìde. Wọ́n ní, "Pa ohùn yẹn, Fèyí, jẹ́ kí n ṣe é fún ọ bí mo ti ń ṣe é." Wọ́n di ìdí abẹ̀bẹ̀ mú bí gbohùngbohùn, wọ́n sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí igba ebè dé orí ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Fèyí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá àgbà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí iṣẹ́ mi. Ohun tí ó ń sọ kọ́ nìyẹn."

"Kí ló wá ń sọ?"

Ó gbé ohùn náà sókè, ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá bí ó ti ń lọ. Ọkùnrin yìí ni Israfil, ọmọ Olóyèdé. Òun ni ó kọ́kọ́ na apá ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé àwọn ará oko ti kó ọmọ wọn pamọ́, ó sáré máìlì mẹ́rin lọ bá wọn, ó fi ojú abẹ́rẹ́ tó wà ní apá rẹ̀ hàn wọ́n. Ó kó ọmọ mọ́kànlélógójì wá sábẹ́ igi. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìgbóná kò mú ọmọ kan lọ ní ahéré rẹ̀.

Bàbá jókòó, abẹ̀bẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí ó tún un gbé. Ó tún un gbé. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n ní, "Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni òtítọ́ ti wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Ọwọ́ mi yìí ló ń pa á." Iyán tutù lórí tábìlì, bàbá wa tí ń jẹ iyán bí ẹni ń di ẹrù mọ́tò kò yà sí i. Wọ́n ní ìyá wa ti béèrè nǹkan yìí lọ́wọ́ àwọn ní 1964, àwọn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn àti Fèyí wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Iresa. Àwọn ará ibẹ̀ sọ fún wọn pé Israfil ti kú ní 1996, àti pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ta ìkòkò ní Ọjà Igbó, nínú ìlú tiwa. Ìyẹn ni pé bàbá ti ń gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá láti ọdún pípẹ́ láìbojú wò ó. Nígbà tí wọ́n dé ọjà, ọlọ́kadà kan ló júwe: "Alhaja Asábẹ́rẹ́ lẹ ń wá? Ẹ yà sọ́wọ́ òsì, ẹ máa rí pátákó." Pátákó náà wà níbẹ̀, ọ̀dà pupa lórí funfun: ALHAJA K. ASÁBẸ́RẸ́, ÌKÒKÒ ÀTI ABỌ́. Fèyí sọ fún wa pé bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó kí obìnrin tó wà nínú ìsọ̀.

"Ẹ kú ọjà, Alhaja."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ìkòkò àṣè lẹ fẹ́ ni?"

"Orúkọ tó wà lókè yìí ló gbé mi wá."

"Orúkọ bàbá mi ni. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ náà."

Alhaja Kúbúrátù gbé ọmọrí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ wọn kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin ni Bàbá Sinimá."

"Èmi ni."

"Mo rò pé ẹ ti kú."

"Ó yẹ kí n ti kú."

"Kò yẹ. Ẹ jókòó."

Alhaja sọ fún bàbá bí irọ́ ti ń di orúkọ ìdílé. Akọ̀wé owó-orí kan tí kì í ṣe ará Iresa béèrè orúkọ bàbá wọn, aládùúgbò kan ló dáhùn, wọ́n sì kọ Israfil Asábẹ́rẹ́ sílẹ̀. Láti inú ìwé owó-orí, ó wọ ìwé ìdìbò. Láti ibẹ̀, ó wọ ìwé ilé-ìwé àwọn ọmọ. "Níbi yìgì mi," Alhaja ní, "àfáà pe bàbá mi ní Asábẹ́rẹ́ lójú gbogbo àna. Kì í ṣe pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, ó rò pé orúkọ wọn ni. Bàbá mi ṣe àmín. Wọn kì í tò síbi tí èèyàn bá tò sí mọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya fọ́tò wọn títí wọ́n fi kú. A ò ní àwòrán wọn kankan nílé."

Fèyí mú fóònù jáde. Alhaja wò ó títí ọkùnrin náà fi padà dé láti inú oko àgbàdo. Wọ́n na ìka sí ọmọ ọwọ́ tó wà léjìká rẹ̀. "Ọdún wo nìyí?" Fèyí ní 1958 ni. Alhaja ní, "Ọmọ ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nílé wa lọ́dún náà. Èmi ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Èmi ò mọ̀ pé bàbá mi ga tó báyìí. Títẹ̀ ni mo bá wọn."

Bàbá wa, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ láàárín ìkòkò. Ọjà dúró. Alhaja ní, "Ẹ dìde, bàbá. Ìdọ̀bálẹ̀ yìí, àwọn ará ọjà nìkan ló rí i. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, òun náà ni yóò fi lọlẹ̀ lọ bá a. Ibi tí ẹ ti sọ ọ́, ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ ọ́ dé ibi tó kẹ́yìn, mo máa kun orúkọ yìí kúrò lára pátákó."

Alhaja kò sọ pé àwọn dárí ji bàbá. Bàbá ní kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má fi ìdáríjì kún un.

Bí bàbá ti ki ìwé kékeré wọn sápò nìyẹn, tí wọ́n tún padà sẹ́nu iṣẹ́ sinimá. Fèyí yá ẹ̀rọ kékeré kan, a yọ aṣọ ibùsùn funfun, ìjọ yá wa ní gbohùngbohùn. Ní Iresa tí wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, adùn ẹnu tún gùn wọ́n. Wọ́n ní Israfil sáré ogójì máìlì. Alhaja Kúbúrátù dá wọn lóhùn láti ẹ̀yìn: "Mẹ́rin ni, bàbá. Mẹ́rin náà tó bàbá mi." Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti fi ẹnu wọn sílẹ̀ kí ohùn fíìmù máa sọ tirẹ̀, Fèyí á túmọ̀ rẹ̀, bàbá á sì dìde ní ìparí, wọ́n á ní, "Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn níhìn-ín. Orúkọ rẹ̀ ni Israfil Olóyèdé." Wọ́n á jókòó. Ní abúlé kan, ènìyàn mẹ́rin àti ewúrẹ́ mẹ́fà ló wá, a kò sì fi ewúrẹ́ kan kún un. Ní òmíràn, àgbàlagbà kan ká apá aṣọ rẹ̀, ó fi àpá abẹ́rẹ́ hàn, ó ní, "Mo wà nínú àwọn ọmọ tó tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Èmi náà pè é ní Asábẹ́rẹ́ títí ó fi kú." Òun àti bàbá jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ibi mẹ́rìndínlógún parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí. Ó ku ẹyọ kan, Ògbómọ̀ṣọ́, pápá ìjọ wa yìí, tí bàbá ti fi fíìmù náà hàn ní 1966. Ibẹ̀ ló le jù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n wà. Bàbá sún un. Wọ́n ní orúnkún ń dùn wọ́n. Wọ́n ní òjò. Wọ́n ní kí bíṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ wá kí ó lọ. Ìtìjú tiwa ló kàn: àwa ọmọ wọn la ràn wọ́n lọ́wọ́ láti sún un. A sọ fún wọn pé, "Bàbá, mẹ́rìndínlógún ti tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún wa nílé." Ọjọ́ tí a sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó wa jọ, tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ mọ́ṣúárì. Àìsàn gbé wọn dúbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ara wọn yá díẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ sí Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá. Wọ́n lọ sí Ọjà Igbó fúnra wọn, wọ́n fi ọjọ́ náà tó Alhaja létí. Wọ́n sun oorun àsùn-ùn-jí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Bàbá fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Arábìnrin Esther Tèmítọ́pẹ́, ìyá Olúwafèyíkẹ́mi, ní Ọ̀yọ́, Ọ̀gbẹ́ni Samuel Ọláwoore ní Ìlọrin, àti Arábìnrin Ẹniọlá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan, Precious, ọmọ oṣù mẹ́jọ, tí igbe tirẹ̀ náà ti ń dé Ọjà Igbó.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí a tó gbé bàbá lọ sí ibojì, a bẹ̀ yín, ẹ yà sínú gbọ̀ngàn ìjọ. A ti fi aṣọ dí fèrèsé. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Níbi tí ọkùnrin gíga náà ti ń sáré, ẹ má rẹ́rìn-ín. Alhaja Kúbúrátù ti ní àwọn ló máa di gbohùngbohùn mú ní ìparí, àwọn ló máa sọ gbólóhùn tí bàbá wa kò lè dìde sọ mọ́, àti orúkọ bàbá tiwọn. Ẹ bá wọn pe orúkọ náà. Ibi kẹtàdínlógún nìyí. Ẹ̀yin sì ni èrò rẹ̀.

Àárọ̀ yìí, a gba Ọjà Igbó kọjá. Ẹnì kan ti gbé àkàbà ti pátákó Alhaja, agolo ọ̀dà wà nílẹ̀, wọn kò tíì ṣí i. Wọ́n ń dúró de yín.

Bàbá, ẹ sùn. Ọwọ́ yín ti kúrò lára ẹ̀rọ náà. A ti gbé ohùn rẹ̀ sókè.